Ẹ̀wù Nọ́ńbà Mẹ́wàá

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù gbígbá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gólì tó mọ iṣẹ́. Ó ní àwọn tó ń sáré bí ẹtu níwájú. Ohun kan péré ni kò ní: ẹni tí yóò dúró láàárín, tí yóò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ará ẹ̀yìn, tí yóò pín in fún àwọn ará iwájú. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń wọ ẹ̀wù nọ́ńbà mẹ́wàá. Bí kò bá sí, àwọn yòókù á kàn máa sá kiri pápá bí adìẹ tí àṣá ń lé.

Ó ti fi ọdún méje wá a. Ènìyàn mọ́kànlá ló ti gbìyànjú rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó pẹ́.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú. Ohun kan ló ṣe é. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù náà. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbá àṣekágbá, ó gbé ẹ̀wù, ó kọjá sí ìlú òdìkejì odò, ó lọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Wọ́n rí i níbẹ̀ tó wọ ẹ̀wù náà lọ ra búrẹ́dì.

Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti búra pé ẹ̀wù náà kò ní sun ilé ẹlòmíràn mọ́. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ń mú ẹ̀wù wọn relé lọ fọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́wàá, orí pápá ló ti ń gbà á, kí òógùn tó gbẹ lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Inú yàrá ló ń sá a sí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àríkẹ́, oòrùn wà níta o. Kí ni ẹ̀wù yìí ṣe tí ẹ fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n?"

Ó ní, "Àbúrò rẹ ló yẹ kí o bi."

Káfíńtà kan wọ ẹ̀wù náà. Ó gbá bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni èèṣì. Èkejì, wọ́n rán an ni." Ó lé e. Télọ̀ kan wọ̀ ọ́. Wọ́n rí i tó dì mọ́ ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ òdìkejì odò. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ó lé òun náà. Ẹnìkan tún wà tí kò mu omi tí ọkùnrin náà bù fún un. Ìyẹn kò tilẹ̀ gbá eré kejì.

Àwọn àgbà ìlú pè é. Wọ́n ní, "Ọdún méjì la fún ọ. Bí ife ẹ̀yẹ kò bá wọ ìlú yìí, a ó gbé ẹgbẹ́ fún ẹlòmíràn." Iṣẹ́ yìí nìkan ni ọkùnrin náà mọ̀ láyé. Ẹ̀rù bà á.

Ọdún náà ni bíríkìlà kan dé. Ká ní o wà níbẹ̀! Bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹgbẹ́ náà na gbogbo ẹni tó pàdé wọn, títí ó fi ku àwọn àti ìlú òdìkejì odò. Àwọn ará ìlú ní, "A ti rí i wàyí." Ọkùnrin náà ń ṣọ́ bíríkìlà. Bí ìyẹn bá rẹ́rìn-ín, ó fura. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ó tún fura. Bí eré bá ti parí, á na ọwọ́, á gba ẹ̀wù.

Nígbà tí àṣekágbá ku ọ̀la, ó rí bíríkìlà létí odò pẹ̀lú ọkùnrin kan láti òdìkejì.

"Kí lẹ ń sọ?"

"Ọ̀gá, simẹ́ńtì la ń sọ. Èmi ni mò ń kọ́ ilé wọn."

"Simẹ́ńtì! Irú òní yìí?"

"Ilé ò mọ ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀gá. Òjò ti ń ṣú."

Kò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí bíríkìlà jókòó, ó fún ẹlòmíràn ní ẹ̀wù náà. Wọ́n pàdánù.

Nígbà tó di ọdún kejì, àṣekágbá tún pa ìlú méjèèjì pọ̀. Bíríkìlà ló wọ nọ́ńbà mẹ́wàá fún òdìkejì odò. Góòlù mẹ́ta wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ife kọjá odò lọ. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ó lọ bá bíríkìlà. "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Sọ òótọ́ fún mi. Kí ni wọ́n fún ọ?"

Bíríkìlà wo àyà ara rẹ̀. "Ẹ̀wù yìí ni, ọ̀gá."

"Ẹ̀wù lásán?"

"Wọ́n ní kí n máa mú un lọ sílé. Ìyàwó mi ló ń fọ̀ ọ́. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù tí kò dára, orí okùn tí a sá a sí ni ẹ̀wù náà yóò ti máa wò mí."

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ẹni tó wọ nọ́ńbà mẹ́wàá fún un lọ́dún yìí ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti ká a, ó ń nà án sí i. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbà á.

Ìwọ arábìnrin tí mò ń bá sọ̀rọ̀, obìnrin kẹrin nìyí lọ́dún yìí tí o ń gbé ọmọ rẹ fún kó bá ọ tọ́jú. Èkíní, o ní ojú rẹ̀ le jù. Èkejì, o ní ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù. O ń ka ìka ọmọ láàárọ̀, o tún ń kà á nírọ̀lẹ́. O ń fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ fèrèsé obìnrin náà kí o lè gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ké. N kò ní kí o má fura. Àwa tí a bímọ sínú ayé yìí mọ bó ṣe rí. Èmi náà ti dúró lábẹ́ fèrèsé rí. Wádìí obìnrin náà dáadáa. Bi àwọn aládùúgbò. Wo ilé rẹ̀, wo ọmọ tirẹ̀ pàápàá. Bí nǹkan kan bá kọ ọ́ lóminú, gbé ọmọ rẹ kúrò. Ṣùgbọ́n bí o bá ti wádìí tí o sì gbà á, jẹ́ kó mọ̀ pé o gbà á. Ẹni tó mọ̀ pé orí pápá ni wọn yóò ti gba ẹ̀wù lọ́wọ́ òun, bíbọ́ rẹ̀ ló máa ń rò.

Oríkì tí ọmọ rẹ fi ń dákẹ́ ẹkún, o kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀wù tí ìwọ há mọ́ yàrá nìyẹn. Lọ́la, bí o bá gbé ọmọ fún obìnrin kẹrin yìí, sọ ọ́ fún un, kí o sì kọrí sí ibi iṣẹ́ rẹ.