Olùkọ́ Tí Kò Fẹ́ Jẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ọkùnrin kan wà tí ó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Bí sáà tuntun bá ti wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń kọ sójú pátákó ni pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn ọmọ a kà á tẹ̀lé e, wọn a sì jáde lọ ṣeré. Òun fúnra rẹ̀ kò rò ó rí pé òwe náà kan òun.

Nígbà tí ìjọba wí pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò ní í di ọ̀gá ilé ìwé mọ́, ọkùnrin yìí di ọmọ yunifásítì ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ìgbà ìsinmi ni ó ń lọ, bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ní ọdún tí ó yẹ kí ó parí, ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ ń múra àtifẹ̀yìntì, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé òun ni ipò náà kàn. Ìwé àṣekágbá rẹ̀ nìkan ni ó kù, títẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ ẹ, wọn kò gba èyí tí a fi ọwọ́ kọ.

Ó ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ṣùgbọ́n ètò ìkọ̀wé inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kọ ohunkóhun àfi kí ó kọ́kọ́ sanwó. Owó náà ju agbára olùkọ́ lọ. Ó wá rántí ìwé pélébé kan tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tí ó wọlé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀ lọ́dọ̀ yunifásítì, pé àdírẹ́sì yìí ni yóò fi gba ètò ìkọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sáà lọ sí ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà kí wọ́n bá a ṣí i.

Ó lọ. Àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀ kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó kàn án, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì dìde, ó kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ tí ó kọ́ ní kíláàsì kẹta ni. Ó tilẹ̀ ti nà án rí nítorí ìṣirò.

"Ẹ káàárọ̀, tíṣà wa," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣé torí ọmọ yín lẹ ṣe wá, sà?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ọmọ òun ni, òun yóò ní kí ó wá fúnra rẹ̀. Ó ká ìwé pélébé náà sápò, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan, obìnrin, ń parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kan náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti lọ yá àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ inú rẹ̀. Ọmọ náà kò ṣahun, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé bí òun bá ti jáde, wọn yóò ti àdírẹ́sì náà pa, òun kò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọkùnrin yìí kò ti balẹ̀ mọ́. Ìgbàkígbà tí ó bá ṣí iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ọmọ náà ni ó ń rí lókè. Abẹ́ orúkọ náà ni gbogbo ohun tí ó ń kọ ń wọ̀ sí. Kò mọ bí a ṣe ń fi í pamọ́ síbòmíràn, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Kí ó tó bọ́jú láàárọ̀ ni ó ti máa ń ṣí kọ̀ǹpútà wò bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló ń lé e, ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ó mọ òwe náà o. Ó ti fi ṣe ìdánwò fún ọmọ kíláàsì karùn-ún rí.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gba ìwé àṣekágbá kẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọ̀ǹpútà sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà mọ́. Ó rò pé òun ṣì í tẹ̀ ni. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó pe ọmọ àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ náà ní wọ́n ti ti tòun pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ti kó iṣẹ́ tòun kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ní Ọjọ́rú ó padà sí ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ bí ti àkọ́kọ́, ó sì béèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ ń gbọ́.

"Kò sí ọmọ kankan," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní orúkọ tíṣà ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ẹnì kan kò ṣí i rí ni. Kí ènìyàn tó bó àgbàdo kan tán, ó ti bá a ṣí i, ètò ìkọ̀wé sì ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà wá béèrè iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Ẹlòmíì ló ni orúkọ yẹn, sà," ni ọmọbìnrin náà fèsì jẹ́jẹ́. "Mi ò lè fi iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lé yín lọ́wọ́."

Ó padà sílé, ó kó ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ jáde, ó ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Orí kẹta ni ó wà nínú orí márùn-ún nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó tó gbàwé. Nígbà náà, ẹni tí ó kéré sí i ti jókòó sórí àga ọ̀gá. Ohun tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún kan ni ó fi rà á.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní kíláàsì yìí, ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí fún yín rèé: lánàá mo bi yín bóyá ohun tí mo kọ́ yín yé yín, gbogbo yín sì mi orí pé ó yé yín. Bàbá tí ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo rí yín nígbà tí ẹ ń jí ìwé ẹnìkejì yín wò. Orúkọ yín wà nínú ìwé orúkọ kíláàsì mi bí ti ẹnìkejì yín. Ibi tí kò yé yín, ẹ nawọ́ sókè. Mo ń dúró.