Àrìnpé Amọ̀kòkò àti Awun-odò Tí Ojú Rẹ̀ Wú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí, nítorí ara ẹnikẹ́ni kì í balẹ̀ nínú àlọ́ yìí.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta gìrì, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé igi, kò bà lé òrùlé. Orí Àrìnpé amọ̀kòkò ló bà lé, àti Awun-odò tó ń sìn, àti Ìjàpá tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Apẹja ni ọkọ Àrìnpé. Nígbà tó kú, Awun-odò nìkan ló fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. Obìnrin náà fẹ́ràn ẹran omi yìí débi pé ó mọ àmù kan fún un: àmù jíjìn, inú rẹ̀ ń dán bí ẹyin, ọmọrí rẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Ó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá.

Àwọn aládùúgbò ní, "Àrìnpé, fi òkúta sí i, kó lè rí ibi gùn."

"Òkúta? Nínú àmù mi? Kó ha á lára? Ẹran omi, omi ni ilé rẹ̀."

Ó wá ń fún un ní ẹ̀bà. Láàárọ̀, ẹ̀bà. Lálẹ́, ẹ̀bà. Kò sì ń pààrọ̀ omi. Ó ní ẹ̀bà tó kù níbẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀la.

Ó ṣe díẹ̀, Awun-odò kò jẹun mọ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n sì dì pa. Àrìnpé wọlé, ó jáde. Ó ṣí ọmọrí, ó dé ọmọrí. Ó mọ ìkòkò dé ìdajì, ó fi sílẹ̀. "Bí èyí náà bá kú, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí?"

Bí ẹlòmíràn ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ ni Ìjàpá ń gbóòórùn ìbànújẹ́. Ó dé, tàgé-tàgé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Àbúrò mi ni aláìsàn yìí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá." Ó yọjú sínú àmù. "Hùn-ùn. Ẹkún ló wú u lójú. Oòrùn sì léèwọ̀ rẹ̀! Ẹ dé e pa. Ẹ se àsáró, kí epo bò ó dáadáa. Èmi fúnra mi ni n ó máa fún un jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wò wá."

"Ṣé kí n fi ẹja díẹ̀ sí i?"

"Aláìsàn ni, ìyá. Ẹ jẹ́ kó pọ̀."

Ìjàpá ti ilẹ̀kùn, gbàgà. Ó jẹ àsáró tán, ó jáde, ó nu ẹnu. "Ó gbìyànjú. Lọ́la, ẹ fi ẹran kún un." Bẹ́ẹ̀ náà lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà lọ́túnla. Ìjàpá ń sanra, Awun-odò ń joro.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá ń jẹun lọ́wọ́, Àrìnpé ń rìn sókè-sódò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ló bá gbọ́ orin láti inú àmù. Ẹ gbè é:

Àrìnpé o, ìyá mi,
— Wẹ̀lẹ̀ wẹ̀lẹ̀ omi.
Ojú mi wú, n ò ríran,
— Wẹ̀lẹ̀ wẹ̀lẹ̀ omi.
Ẹ̀yìn mi rọ̀ bí amọ̀ tútù,
— Wẹ̀lẹ̀ wẹ̀lẹ̀ omi.
Àsáró dé, n ò tọ́ ọ wò,
— Wẹ̀lẹ̀ wẹ̀lẹ̀ omi.
Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ ẹ́ fún mi,
— Wẹ̀lẹ̀ wẹ̀lẹ̀ omi.

Ìwọ Fọlárìn tó jókòó lẹ́yìn yẹn, ẹnu rẹ ń mì, ohùn kò jáde; gbè é dáadáa.

Àrìnpé ti ilẹ̀kùn wọlé, gbì! Epo ti kun Ìjàpá láti ẹnu dé ọrùn.

"Ìjàpá!"

"Mò ń tọ́ ọ wò ni, ìyá. Kó má baà gbóná jù fún un."

Àrìnpé kò pariwo. "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣá ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín? Àìsàn ìdílé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè tọ́jú ẹ̀yin náà." Ó gbé Ìjàpá, ó sọ ọ́ sínú àmù mìíràn tí omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó dé e.

Ariwo sọ. "Yéè! Ó ń yọ̀! Kò síbi tí mo lè gùn! Ẹ fi òkúta sí i! Ẹ gbé mi sóòrùn!"

"Ìwọ tó ní oòrùn léèwọ̀?"

"Irọ́ ni mo pa! Ta ni nínú ìdílé wa tí kì í yá oòrùn? Bí a kò bá rí i, igbá ẹ̀yìn wa á rọ̀!"

Àrìnpé sáré gbé Awun-odò. Ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wọnú, bí ìkòkò tí kò tíì gbẹ. Háà! Lójoojúmọ́ ló ń sá ìkòkò sí gbangba, tó sì fi ẹran rẹ̀ pamọ́ sókùnkùn.

Ó gbé àmù arẹwà náà síta. Ó mú òkúta, ó là á mọ́ ọn: gbàràmù! Ó mú ìdí rẹ̀ tí kò jìn, ó bu omi mímọ́ sí i, ó tẹ́ àpáàdì kan dagun sínú rẹ̀ bí èbúté, kí Awun-odò lè gùn ún lọ yá oòrùn, kó sì lè padà sí ibòòji. Ẹ̀bà dópin. Ẹja wẹẹrẹ tòun teegun dé, ewé tẹ̀tẹ̀ àti gbúre dé. Ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ omi.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kan ni ojú là, kì í ṣe ọjọ́ kan ni ẹ̀yìn le. Àrìnpé ń wọlé, ó ń jáde. Òṣùpá kan wọ̀, òmíràn lé. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ẹja sí i. Awun-odò la ojú, ó wo ẹja, ó fi ẹja sílẹ̀, ó bu ìka Àrìnpé jẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ń kán, Àrìnpé ń jó kiri agboolé: "Ó bù mí jẹ! Ó ríran! Ó bù mí jẹ o!" Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Ẹ ń bèèrè Ìjàpá? Ọjọ́ kejì tí Àrìnpé sọ ọ́ sínú àmù ni wọ́n tó rántí pé ó wà níbẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ jáde.

Ibí ni àlọ́ mi ti sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí iná má ràn nídìí ìkòkò mi. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: ẹran tí a bá ń sìn, ohun tó bá ara rẹ̀ mu ni ká fi tọ́ ọ, kì í ṣe ohun tó wu àwa. Bí kò bá jẹun, bí ojú rẹ̀ bá wú, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rọ̀, ẹ tètè wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹran. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá kọ́kọ́ béèrè àsáró, ẹ wá ẹlòmíràn.