Igi Tíìkì Bàbá Ṣóyẹmí

Ní abúlé Ìdí-Òrò láyé àtijọ́, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìbídùn. Ẹní ló ń hun. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ méjì ló kù sí i lọ́rùn, pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti darúgbó, àti ilé kan tí ikán ń jẹ. Bí Ìbídùn bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, á bá lẹ́búlẹ́bú igi lábẹ́ àjà. Bó bá fọwọ́ gbá òpó, á dún bí igbá òfìfo. Òrùlé ti tẹ̀ sí apá kan, ìgbà òjò sì ń bọ̀.

Ní ìpẹ̀kun abúlé náà ni Bàbá Ṣóyẹmí ń gbé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, èso igi kan tí wọ́n ń pè ní tíìkì ló sì dì sápò bọ̀ wálé. Nígbà tó gbìn ín yí oko rẹ̀ ká, àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní igi tí kò so èso tẹ́nu ń jẹ, tí ewé rẹ̀ le gbàgìdì, tí èèyàn bá fọwọ́ ra ewé ọ̀hún tí ọwọ́ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe? Bàbá kò bá wọn jà. Ohun tó máa ń sọ ni pé níbi tí òun ti mú un wá, igi náà ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ tí omi kì í mú jẹrà, òun ni wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀kùn tí apá oòrùn kì í ká, bí ikán bá sì gbóòórùn rẹ̀, á yà lọ.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, bàbá gé díẹ̀ nínú àwọn igi kéékèèké, kí àwọn tó kù lè ráyè tóbi. Nígbà tí wọ́n gbẹ, Ìbídùn gbọ́, ó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun níbẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Kúforíjì, tí ikán ń jẹ ilé tirẹ̀ náà, lọ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Bàbá kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, ó ní kí kálukú ru èyí tó bá tó o. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n rù ú lọ, àwọn ará àdúgbò sì bá wọn fi pààrọ̀ igi àjà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìbídùn wẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní àwọn ń lọ kí bàbá. Ìyá ọkọ rẹ̀ bi í bóyá kò tíì dúpẹ́ ni. Ó ní òun ti dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyá òun máa ń sọ pé ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀, ti ojú ni. Ọpẹ́ ọjọ́ kejì ni ti inú. Ọwọ́ òfo ló gbé lọ, nítorí kò ní ohun tó lè mú dání.

Ó bá bàbá ní ìjókòó, igi kan tó ṣẹ́ wà lórí orúnkún rẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀, àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé àná o. A sùn, ọkàn wa balẹ̀.”

Bàbá gbé igi náà sókè hàn án.

“Ọmọ mi, ara àwọn igi tí mo gé kọ́kọ́ nìyí, mo fi ṣe òpó ilé adìẹ. Òwúrọ̀ yìí ló ṣẹ́. Wò ó.”

Ó fi ọ̀bẹ là á. Ibi funfun tó tẹ̀lé èèpo ti di ilé ikán. Àárín nìkan, tó pọ́n bí oyin tó sì ń ta òórùn òróró, ni wọn kò fọwọ́ kàn, àárín ọ̀hún kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Bàbá ṣàlàyé fún un pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: agbára igi náà kò sí lára funfun rẹ̀, inú rẹ̀ ló wà, ó sì dìgbà tó bá dàgbà kí inú tó tóbi. Ó ní òun ń wá ẹni tí òun máa rán láti kìlọ̀ fún Ìbídùn àti Kúforíjì, nítorí orúnkún kò jẹ́ kí òun rìn, kò sì sẹ́ni tó ń yà lọ́dọ̀ òun.

Ó nawọ́ sí àwọn pákó kan lábẹ́ àjà, tí ó ti là láti ara igi tó dàgbà jù, tí wọ́n sì ti gbẹ dáadáa.

“Pósí mi ni mo fẹ́ fi wọ́n kàn. Máa kó wọn lọ. Ilé tí alààyè ń gbé ló tọ́ sí i ju ilé òkú lọ.”

Ìbídùn sunkún. Bàbá ní kó dákẹ́, kó sáà bá òun jíṣẹ́ fún Kúforíjì, kó wá wo ohun tí ikán ṣe sí igi náà.

Ìbídùn jíṣẹ́ náà kó tó fi pákó wọ̀nyẹn rọ́pò àwọn igi kéékèèké tó wà lájà rẹ̀. Kúforíjì rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ń wá ẹni tí yóò tún dọ̀bálẹ̀ fún un ni, pé ọpẹ́ tí òun dá lánàá ti tó. Kò lọ.

Àárín ìgbà òjò ni òrùlé Kúforíjì wó. Oko ni òun àti aya rẹ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó sáré lọ bá bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bàbá kò bá a wíjọ́. Ó ní kó gé igi ńlá kan, ṣùgbọ́n kò sí pákó gbígbẹ mọ́. Tútù kò ṣeé kọ́lé, àfi kó dúró dẹ̀ẹ̀rùn. Ìbídùn ló gbà wọ́n sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Òjò rọ̀ mọ́jú, ẹ̀kán kan kò kán sí wọn lára.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, Kúforíjì jáde sí àgbàlá níbi tí Ìbídùn ti ń hun ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, ẹ ṣé àná.”

Ìbídùn gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹní. Alẹ́ kan péré ló ti ní lọ́kàn láti gbà wọ́n, nítorí ilé kò fẹ̀. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó ní kó lọ kó ìyókù ẹrù rẹ̀ wá, kí wọ́n máa bá àwọn gbé títí igi yóò fi gbẹ.

Kúforíjì fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi di arúgbó, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà.