Kọfí Tí Àlejò Kò Rí Mu

Dúró ná. Ìwọ tí o fẹ́ fi ojú fo ọ̀rọ̀ yìí kọjá lọ síbi tí ò ń lọ, ìwọ ni mò ń bá wí. Fi etí méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìwọ gan-an ni a rán an sí, bí ó bá sì kọjá lórí rẹ lónìí, èmi kò mọ ìgbà tí yóò tún padà wá.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Indonéṣíà, ní abúlé kékeré kan lábẹ́ òkè, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbin ìrẹsì sínú omi. Ilé ibẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹnì kan bá sín ní ìsàlẹ̀, ará òkè á kí i ní pẹ̀lẹ́. Wọn kì í mọ odi yí ilé ká. Pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba tiwa náà ti ń fi í pààlà oko, èyí tí ewé rẹ̀ pupa ni tiwọn. Kò sí ẹni tí í bá pèrègún jiyàn. Ibi tó bá dúró sí ni ilẹ̀ onílẹ̀ pin sí.

Ọkùnrin yìí ní ọmọkùnrin kan, Giyanto, tí ó ti tó gbéyàwó. Wọ́n ti rí ọmọbìnrin, àwọn òbí rẹ̀ sì ti gbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí kí àwọn tó fa ọmọ sílẹ̀: ibi tí tọkọtaya náà yóò kọ́lé sí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ọkùnrin yìí kò gba ilé mìíràn. Ó kù díẹ̀. Ó kù bí ìwọ̀n yàrá kan.

Ẹni tí wọ́n jọ pààlà ni bàbá àgbà kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, Pak Wagiman. Pak ni wọ́n ń pe bàbá lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ tirẹ̀ fẹ̀ dé etí odò, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kún ibẹ̀, òun nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀. Ẹ óò rò pé ọkùnrin yìí yóò lọ bá bàbá náà, yóò jókòó, yóò ní, "Bàbá, báyìí báyìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi rí." Kò lọ. Ojú ń tì í láti tọrọ. Ojú kò wá tì í láti jí.

Nígbà tí Pak Wagiman wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí ọmọbìnrin rẹ̀ ní erékùṣù mìíràn, òjò rọ̀, ilẹ̀ dẹ̀. Ọkùnrin yìí mú ọkọ́, ó hú àwọn pèrègún náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì tún wọn gbìn sínú ilẹ̀ onílẹ̀. Pèrègún kì í kọ ilẹ̀. Kí òjò tó dá, wọ́n ti yọ ewé tuntun bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ béèrè. Ó ní àgbàrá ló wó wọn, òun kàn tún wọn gbé nàró ni. Ìyàwó náà wo pèrègún, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì wọlé lọ dáná.

Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà dé.

Láti ọjọ́ náà ni ìsinmi ti fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Gbogbo abúlé lọ kí ẹni tó ti àjò dé, òun nìkan ni kò lọ. Ó ní inú ń run òun. Irọ́ ni nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi di òótọ́, nítorí oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Bí bàtà bá ta pàá-pàá lójú ọ̀nà, á gbórí sókè. Bí ajá bá gbó, àyà rẹ̀ á já. Ó wà lóko ìrẹsì, omi mu ún dé orúnkún, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilé, bóyá bàbá yóò jáde wá wọn ilẹ̀.

Nísinsìnyí, gbọ́ àṣà wọn. Ní abúlé náà, bí àlejò bá dé, ìloro ni yóò jókòó sí, wọn yóò sì gbé kọfí gbígbóná síwájú rẹ̀ nínú ife tó ní ọmọrí. Àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ife náà títí onílé yóò fi ní, "Ẹ mu." Bí kò bá sì tíì mu, kò gbọdọ̀ sọ ohun tó bá wá. Ìwà ọmọlúàbí ni lọ́dọ̀ wọn: ẹnu tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ kì í gbé ọ̀rọ̀ jáde. Bí onílé bá wá dákẹ́, tí kò ní kí àlejò mu, àbùkù ńlá ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n sí, "Mi ò fẹ́ nǹkan kan láti ọwọ́ rẹ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Pak Wagiman wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó dé fìlà. Ìyàwó rẹ̀ gbé kọfí jáde pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. Bàbá jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń retí.

Ọkùnrin yìí ro ó lọ́kàn rẹ̀ pé, "Bí mo bá ní kó mu, yóò mu. Bí ó bá mu, yóò sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, mo gbé." Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó sọ ti òjò. Ó sọ ti eku tó ń jẹ ìrẹsì. Ó sọ ti pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ kan tí kì í yé ẹyin sílé, tó jẹ́ pé ilé onílé ló máa ń lọ yé e sí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ tìrẹ ti mọ àwọn ará àdúgbò ju ìwọ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọkùnrin yìí lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ó rò pé ti pèrègún ni bàbá ń dọ́gbọ́n sọ. Ó tún fi kún ọ̀rọ̀ òjò. Ìyàwó yọjú láti inú ilé.

"Bàbá Giyanto, kọfí àlejò ti tutù bí imú ajá. Ṣé ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

"Ṣé o ò gbọ́ pé mò ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Èyí tó yẹ kí ẹ sọ ni mo ní."

Kò sọ ọ́. Nígbà tí oòrùn rọ̀, bàbá dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Ọmọrí ife wà lórí ife bí wọ́n ṣe gbé e wá. Ọkùnrin yìí mí kanlẹ̀. Àbùkù tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ẹ̀sùn lọ.

Bàbá tún padà wá. Ọkùnrin yìí tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá fi imú fa òórùn kọfí náà, ó ní, "Kọfí yìí ń ta sánsán o." Ọkùnrin yìí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ọdún yìí dára fún kọfí," ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ eku. Bàbá wò ó pẹ́. Kò bínú. Ó kàn wò ó bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Ṣé ara wá tu ọkùnrin náà? Rárá o. Ẹni tó ń sá fún ọ̀rọ̀ kì í sinmi. Ọ̀rọ̀ a máa bá a jókòó, a máa bá a jẹun. Nígbà tó tún rí bàbá lókèèrè, tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà tòun ti ẹ̀wù mímọ́ náà, ẹ̀rù bà á débi pé ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe ní abúlé yẹn. Ó sá wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan.

Ìlẹ̀kùn kì í wà ní títì lọ́sàn-án níbẹ̀ àfi bí òkú bá wà nínú ilé. Ó gbàgbé. Ìbẹ̀rù ti jẹ ọpọlọ rẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ rí ìlẹ̀kùn náà. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Yéè! Ta ló kú?" Wọ́n sáré lọ sílé, oníkálùkù bu ìrẹsì sínú agbọ̀n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Kò pẹ́ tí ìloro fi kún. Opó kan wà láàárín wọn tí odò gbé ilé rẹ̀ lọ, tó ń gbé lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun náà bu ìwọ̀nba tó ní wá. Pak Wagiman sì jókòó láàárín wọn, fìlà lórí orúnkún. Ọkùnrin yìí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, òógùn bò ó, kò lè jáde, kò lè dúró.

Odò ni ìyàwó rẹ̀ wà tó ń fọ aṣọ. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó da aṣọ nù, ó ké dé ilé, ó fi èjìká ti ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn ṣí. Ọkọ rẹ̀ ló dúró gbagidi níbẹ̀, ojú rẹ̀ funfun.

Obìnrin kan pariwo pé, "Háà! Òkú ń mí!"

Òmíràn ní, "Ṣé kí n gbé ìrẹsì mi padà ni, àbí ẹ fẹ́ kú lọ́la?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu omijé ojú rẹ̀, ó wọlé, ó po kọfí, ó gbé ti bàbá síwájú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹnu onílé. Onílé kò ní kó mu. Ìyàwó náà ní, "Èmi náà ni onílé. Bàbá, ẹ mu."

Bàbá mu ún. Ó mu ún tán pátápátá. Ó wá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò wá bá ọ jà. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ òun. Mo ti dàgbà, mi ò lè gun àgbọn mọ́. Mo bi ara mi pé ta ni n ó fi ilẹ̀ mi fún. Mo ní aládùúgbò mi ni, nítorí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó, kò sì ní ibi tí yóò kọ́lé sí. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ fún ọ, dé etí odò. Òun ni mo bá wá ní àkọ́kọ́. Òun náà ni mo bá wá nígbà kejì."

Ọkùnrin yìí kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Pèrègún ńkọ́? Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i ní ọjọ́ tí mo dé. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, ojú ń kán ọmọ yìí jù. Ó ń jí ohun tí mo fẹ́ gbé fún un. Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n mo jókòó síwájú kọfí rẹ, o kò ní kí n mu. Mo tún padà wá, o kò ní kí n mu. Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa? A kì í fi ipá gbé ẹ̀bùn lé ọwọ́ tó dì. Lánàá, mo mú obìnrin yìí lọ síwájú olórí abúlé, mo sì fi ilẹ̀ náà fún un." Opó náà ni ó nawọ́ sí. Opó náà tẹjú mọ́lẹ̀. "Lónìí, ó dàbọ̀ ni mo wá sọ."

Ọkùnrin yìí wó lulẹ̀. Ó ní òun jẹ̀bi. Bàbá gbé e dìde, ó nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀, nítorí ìdáríjì kò kúrò lọ́wọ́ bàbá náà. Ilẹ̀ nìkan ló ti kúrò. Lójú gbogbo wọn, ọkùnrin náà mú ọkọ́, ó hú pèrègún, ó dá wọn padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Giyanto ti oko dé, ó dúró, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀ tó tún di ti ẹlòmíràn. Àwọn àna rẹ̀ gbọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n sì fi ọmọ wọn fún ọkùnrin mìíràn tó ní ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, kí ni mo ń sọ? Ìwọ ni mò ń sọ.

Olúwa ti wá jókòó sí ìloro rẹ, kì í ṣe lónìí nìkan. O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí o sùn. O ń kọrin sí i létí. O ń sọ fún un nípa ọjà, nípa àìsàn, nípa ìjókòó ẹgbẹ́ rẹ nínú ìjọ. Gbogbo rẹ̀ ni ò ń sọ kó má baà rí àyè sọ̀rọ̀, nítorí o rò pé ẹ̀sùn ló mú dání. Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀sùn ni? Ohun tí ò ń fi pamọ́, ó ti rí i kí o tó fi ewé bò ó, ìyẹn kò sì lé e padà. O ń sá fún ẹni tó ń gbé ohun tí ò ń sunkún sí bọ̀ wá bá ọ.

Má sì sọ pé àyè ṣì wà. Mo gbàgbọ́ pé àánú Ọlọ́run kì í tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ, mo sọ ọ́ láìfi bò, nítorí ẹ̀bùn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí àsìkò rẹ̀ bá kọjá, ẹlòmíràn á gbà á, ìwọ á sì jẹ́ ẹni tí a dárí jì tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, jáwọ́ nínú eré sísá yìí. Ìwọ tí o kò kí ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́ láti ìgbà tí o ti mú ohun rẹ̀, ìwọ tí ò ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí o má baà pàdé olùṣọ́-àgùntàn rẹ, yí padà. Kúnlẹ̀ kí o ní, "Olúwa, máa wí." Lẹ́yìn náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, lọ sí ilé ẹni tí o ṣẹ̀, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe fún un.