Òkú Tó Dìde Nítorí Orin

"Bí orin bá sọ ọkọ di ọkọ̀, òkú á dìde." Òwe àwa ará Ìdí-Ọsàn nìyẹn. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa títí, ẹ tilẹ̀ ń fi wá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ iwin ni. Àwọn mìíràn ní awakọ̀ kan ló kú tó jí. Irọ́ gbuu! Ẹni tí kò mọ ìtàn, ṣebí ó lẹ́nu láti béèrè. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Láyé ìgbà tí bọ̀lẹ́kájà ṣì ń ná ọ̀nà ìlú wa, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan wà lẹ́yìn odò. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń ṣe eré olórin, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́pẹ́rà. Nínú eré náà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ lásán: ẹni tó fẹ́ mumi, á kọ ọ́ lórin, ẹni tó ń jà, orin ni yóò fi bú ẹnìkejì rẹ̀. Gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀, àfi Bàbá Ìbídùn.

Awakọ̀ bọ̀lẹ́kájà ni Bàbá Ìbídùn, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú ọkọ̀ rẹ̀ wọ̀lú. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀, ló ní ohùn tó dùn jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, lọ́dún tí mò ń wí yìí, òun ni wọ́n sì fi ṣe olorì tí ọba kú fi sílẹ̀. Bàbá ní òun ò rán ọmọ níléèwé kó lọ di alárìnjó. Ìbídùn sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ìyá rẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀. Níkẹyìn, bàbá ní, "Ó dáa. Màá wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣẹ̀sín lójú mi, o ò tún ní gun orí ìtàgé mọ́ láyé." Ìbídùn gbà. Kí ni ì bá ṣe? Orin ni ayé ọmọ náà.

Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù, olùkọ́ orin, ló kọ àwọn orin eré. Ó mọ dùùrù tẹ̀ dójú àmì, ṣùgbọ́n ohùn dùùrù ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá ọ̀rọ̀ tì í. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ èdè wa: ó níbi tó ń gòkè, ó níbi tó ń sọ̀. Bí orin bá sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ò ti sọ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Orin arò tó kọ fún olorì lọ báyìí:

"Ọkọ mi ti lọ,
Ó já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà,
Ta ni yóò gbé mi délé?"

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, bí a bá kà á. Ṣùgbọ́n bí dùùrù bá ti gbé e, ohùn á wálẹ̀ bìrì lórí "ọkọ", á sì di "ọkọ̀". Ìbídùn ti kọ ọ́ títí tó fi mọ́ ọn létí, kò fura. Ọláòṣebìkan, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ọba tó kú, ló fura. Lọ́jọ́ ìdánrawò, ó yọrí lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin yìí ń pè mí ní ọkọ̀ o."

Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ṣé o ti kú àbí o ò tíì kú?"

"Mo ti kú, sà."

"Òkú kì í sọ̀rọ̀. Sùn sílẹ̀!"

Ó sùn sílẹ̀. Ta ni yóò bá olùkọ́ jiyàn?

Ọjọ́ eré pé, gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Àwọn tí kò ráyè wọlé gun ojú fèrèsé. Bàbá Ìbídùn jókòó níwájú pẹ̀lú agbádá, ó fajú ro. Eré ń lọ geere títí ọba fi kú, tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí wọ́n sì daṣọ bò ó. Ìbídùn jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó gbóhùn sókè: "Ọkọ̀ mi ti lọ…"

Ọmọ ń bá orin lọ ní tirẹ̀: ó já òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ta ni yóò gbé òun délé? Ẹnìkan bá kígbe láti ẹ̀yìn: "Má sunkún mọ́, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Háà! Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Ẹlòmíràn ní, "Bàbá ẹ tó ni bọ̀lẹ́kájà ló jókòó níwájú yẹn, ní kó gbé ẹ!" Àwọn tó wà lójú fèrèsé ń fọwọ́ lu pákó. Orin já mọ́ Ìbídùn lẹ́nu. Ẹkún gidi ló ń sun báyìí, kì í ṣe ti eré mọ́. Ó wojú bàbá rẹ̀. Bàbá ti dìde, ó ti ká agbádá sí èjìká, ó ń bọ̀ wá fa ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Àfi gìrì, òkú dìde jókòó!

Àwọn ìyá figbe ta, àwọn ọmọdé sá mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bàbá Ìbídùn dúró gbagidi bí ọkọ̀ tí wọ́n tẹ bíréèkì fún. Ọláòṣebìkan wé aṣọ funfun mọ́ra, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ ni mí o! N kì í ṣe ọkọ̀. N ò ní táyà, n ò ní hóònù." Ó wá yíjú sí Ìbídùn. "Olorì mi, pè mí bó ṣe yẹ, kí n lè ráyè kú."

Òun fúnra rẹ̀ ló dá orin náà. Ó gbé e gba ibi tí ẹnu wa ń gbé e gbà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jókòó sáyè rẹ̀: "Ọkọ mi ti lọ." Ìbídùn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Dùùrù dákẹ́, kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní bí ọmọ yẹn ṣe gbé orin ọ̀hún, orí òun wú. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níṣàájú náà ló ń gbè é, tí wọ́n ń fi etí aṣọ nujú. Nígbà tí òkú rí i pé ọ̀ràn ti dáa, ó rọra dùbúlẹ̀, ó faṣọ borí, ó tún kú. Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé lọ.

Nígbà tí eré parí, Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù lọ bá Ọláòṣebìkan níbi tó ti ń gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ó ní, "Òkú, mo túúbá." Ọláòṣebìkan ní, "Òkú ti gbọ́, sà."

Bàbá Ìbídùn náà dé. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Wọ́n ní ẹ tún fẹ́ lọ ṣe eré yìí ní ìlú kejì. Ọkọ̀ wo lẹ máa wọ̀ lọ?"

"A ò tíì mọ̀, bàbá mi."

"Dìde, jàre. Ọkọ̀ tèmi ò tíì lọ. Òun ni yóò gbé yín."

Ẹ wo ayọ̀ lójú ọmọ náà! Ó fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, agbádá ya, bàbá ò tilẹ̀ bínú.

Ibẹ̀ ni òwe wa ti ṣẹ̀. Bí ìpàdé ẹbí bá ń lọ, tí àwọn tó lẹ́nu níbẹ̀ ń yí òtítọ́ po, tí ìyàwó kékeré tàbí àna tí a ní kó máa wò lásán wá dìde sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, àwọn kan á fẹ́ kí ó jókòó. Àgbà kan á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Bí orin bá sọ ọkọ di ọkọ̀, òkú á dìde." Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, bí nǹkan bá bàjẹ́ kọjá àlà, ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an á sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí òkú sùn sílẹ̀, kó yáa lọ tún orin rẹ̀ kọ.