Ohun Tí Olóyè Ṣówándé Gbọ́ Lójú Agbami

A ò mọ nǹkan kan nípa òkun o. Inú àwo ọbẹ̀ nìkan ni àwa àti ẹja ti máa ń pàdé. Ọ̀mọ̀wé Morádékẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ewú fi gba orí rẹ̀, ẹnu odò Ìgbóẹ̀gbà, níbi tí ọ̀sà ti ń tú sínú òkun, ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Á wọn iyọ̀ inú omi, á wo ìrìn ìgbì, á sì máa yẹ ẹyin ẹja wò. Àwọn ará ìlú ní òkun lọkọ rẹ̀: ọkọ tí kì í dákẹ́, tí kò sì sọ nǹkan kan rí.

Òkìtì iyanrìn ńlá kan wà lábẹ́ omi níwájú ẹnu odò náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹja ń yé sí. Iyanrìn yìí gan-an ni Olóyè Ṣówándé fẹ́ wà tà, ọkùnrin tó lè ta ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ alákàn kó tún ní kí alákàn bá òun rù ú. Morádékẹ́ kìlọ̀ pé bí wọ́n bá wà á, ẹja á lọ, òkun á sì wọlé tọ gbogbo wọn wá. Olóyè rẹ́rìn-ín.

“Ìyá onímọ̀, iyanrìn kì í bímọ, kì í sunkún. Ẹ jẹ́ ká wà á.”

Baálẹ̀, ẹni tó máa ń gbè sẹ́yìn ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ní òun fẹ́ fojú òun rí ibẹ̀ kí òun tó fọwọ́ sí i. Morádékẹ́ mọ̀ pé bí orí bàbá yìí bá mì báyìí pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ayé òun ti di ẹrù ọkọ̀ akóyanrìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ojú ọ̀run ṣú. Morádékẹ́ ní ọjọ́ náà ò dára. Olóyè ní àbí ẹ̀rù ń ba ìyàwó òkun ni. Kí wọ́n má baà pe Baálẹ̀ ní ojo, òun ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ Olóyè; Olóyè àti Morádékẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ojú agbami, ẹ́ńjìnnì tí Olóyè ti ń fi yangàn kú fin-ín. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Baálẹ̀ gbá àjẹ̀ kan mú, ó ń wa ọkọ̀ sọ́nà ilé. Olóyè gbá èkejì mú, ó ń wà á sọ́nà ibi tí ojú rẹ̀ bá ṣáà kọ sí. Ọkọ̀ ń pòyì bí òkòtó. Omi ti dé kókósẹ̀.

Morádékẹ́ ń wo omi. Ó mọ̀ pé agbo ni àwọn ìgbì ńlá máa ń kó rìn, omi á sì rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ó rí ìfóòfó funfun lórí òkìtì iyanrìn náà. Bí wọ́n bá lè bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n yè. Àmọ́ àjẹ̀ méjèèjì ń bára wọn jà.

“Òkun ń hó ruru, ẹ sì ń wà á ruru! Olóyè, ẹ má wà á mọ́!”

Olóyè, tí kò sí nǹkan míì lọ́kàn rẹ̀ ju iyanrìn lọ, rò pé lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run náà obìnrin yìí ṣì wà lórí ẹjọ́ yẹn. Ó ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè.

“Mo ti gbọ́, ìyá mi. Mo fi Ọlọ́run búra níwájú Baálẹ̀, mi ò ní wà á láéláé.”

Kò sẹ́ni tó ráyè rẹ́rìn-ín. Agbo ìgbì kọjá, omi rọlẹ̀. Morádékẹ́ gbé àjẹ̀ Olóyè, ó ní, “Bàbá, ó yá, ká jọ wà á.” Wọ́n wà á ní ọwọ́ kan náà títí ọkọ̀ fi bọ́ sẹ́yìn òkìtì. Ìgbì tó tẹ̀ lé e fọ́ mọ́ iyanrìn náà gbàà. Ìfóòfó lásán ló dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, àyà Olóyè tún le. Ó ní ọkọ̀ lòun sọ pé òun ò ní wà mọ́, ṣebí ọkọ̀ là ń wà lójú omi.

Baálẹ̀ ń fún agbádá rẹ̀. “Ṣówándé, ọkọ̀ tí o wà nínú rẹ̀, tí ikú ń bọ̀, lo wá búra pé o ò ní wà? Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa iyanrìn yẹn.”

Morádékẹ́, tó máa ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ṣe, tẹjú mọ́ ìró rẹ̀ tó ń kán omi. Ṣùgbọ́n kò tún ti Baálẹ̀ yìí ṣe.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà etíkun fi ń pa á lówe pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ ni, àbí iyanrìn?