Ìdí Tí Orúkọ Ilẹ̀kùngbọ́ Fi Ṣọ̀wọ́n

Nígbà láéláé, nígbà tí ilé kankan kò tíì ní orúkọ ìdílé, Gbohùngbohùn ní ẹnu, ó sì ní eyín. Inú àpáta ẹ̀yìn oko ni ó ń gbé. Bí bàbá kan bá pe ọmọ rẹ̀ lóko lónìí, Gbohùngbohùn yóò fi ohùn bàbá náà pe ọmọ lọ́la. Ọmọ tó bá sáré lọ kò ní padà mọ́.

Ẹ wá wo ìkà! Àwọn ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pa jẹ. "Wá gba ẹrù lórí mi!" ni ó máa ń wí. Ọmọ gidi wo ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní sáré? Àwọn olóríkunkun jókòó sílé, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, nítorí Mojíbádé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kì í jẹ́ kí a pe òun lẹ́ẹ̀mejì. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́rìndé, bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n sọ ilé wọn lórúkọ. Ilẹ̀kùn nìkan ló gbọ́, nítorí náà wọ́n pè é ní Ilẹ̀kùngbọ́.

"A kì í pariwo rẹ̀ o," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Etí ni a ń sọ ọ́ sí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Àwẹ̀ró àti Mojíbádé ti wà níwájú ilé, ohùn kan dún láti ibi àpáta. "Mojíbádé! Wá gba ẹrù lórí mi!"

Ọmọ ti gbéra. Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá mi, bàbá mi ni! Ẹrù á ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn!"

Àwẹ̀ró rò ó wò. Bó bá jẹ́ ọkọ òun ní tòótọ́ ńkọ́? "Bàbá Mojíbádé," ó ké, "ẹ má bínú. Ẹ wá sọ orúkọ ilé wa!"

"Èmi lò ń bi léèrè? Ṣé kí ẹrù ó pa mí ni?" Ohùn Ọdẹ́rìndé ni, títí kan ikọ́ rẹ̀. Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́ tú.

"Orúkọ ilé wa!" ó tún wí.

Àpáta ní, "Ilé wa… ilé wa… wa…"

Igi gbígbẹ dá lẹ́yìn wọn. Ọdẹ́rìndé ló ń gba ọ̀nà odò bọ̀, ẹrù iṣu lórí. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sọ orúkọ náà sí i létí. Àwẹ̀ró tú ọmọ sílẹ̀, ọmọ sì gba ẹrù lórí bàbá rẹ̀.

Gbogbo ilé bá fi tiwọn ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sọ ilé wọn lórúkọ. Ebi pa Gbohùngbohùn títí eyín rẹ̀ fi ká.

Láti ọjọ́ náà ni ìdílé ti ń jẹ́ orúkọ. Nígbà tí ẹ̀rù tán, àwọn yòókù kéde tiwọn títí ó fi kún ìgboro. Ilé Àwẹ̀ró kò kéde, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́ ọ rí. Láti ọjọ́ náà sì ni Gbohùngbohùn ti ń já ìparí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó bá pariwo lẹ́bàá àpáta, tó ń tún un sọ, bóyá orúkọ náà á wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sọ ọ́ fún yín báyìí. Ẹ má pè é lóko o. Eyín tiyín tó ká ṣáà ń hù padà.